Ìdí Tí Ọmọ Ọ̀kùn Mẹ́ta Kò Fi Jọ Ara Wọn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ bọ́jú wá. Ìyá kan bí ọmọ mẹ́ta lábẹ́ ewé kan náà. Ọ̀kan gùn bí okùn, ọ̀kan pẹlẹbẹ bí èèpo igi, ọ̀kan a máa ká roboto bí ekùrọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n. Kí ni?

Ọ̀kùn ni! Ẹ kú orí pípé. Ọ̀kùn ni àlọ́ mi rìn lọ bá lónìí. Ó rìn jẹ́jẹ́ wọ abẹ́ ewé, kò sì bá Ọ̀kùn nìkan níbẹ̀. Ó bá Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, tó fi imú wá oúnjẹ ẹlòmíràn dé ẹnu ọ̀nà.

Láyé àtijọ́, ọ̀kùn kì í gùn. Bí wọ́n bá ṣe bí i náà ni yóò ṣe wà títí tí yóò fi kú: ara kúkúrú, òrùka ara díẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré. Ẹsẹ̀ mẹ́fà náà tó o gbé káàkiri nígbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, tí ewé jíjẹrà wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, abẹ́ igi àràbà tí wọ́n ń gbé a gbẹ táútáú. Etí odò nìkan ni ọ̀rinrin a máa kù sí. Àpáta ńlá kan ló sì wà láàárín àràbà àti odò náà, àpáta tó funfun, tó gbóná, tí kò ní igi, tí kò ní koríko. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí oòrùn bá ká mọ́ orí rẹ̀, ó parí fún un.

Ibẹ̀ ni ọkọ Ìyá Àdìgún kú sí.

Ọ̀kùn ni Ìyá Àdìgún yìí. Onísùúrù ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọkọ rẹ̀ ní òun yóò kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà kí ìyàwó àtàwọn ọmọ tó máa bọ̀. Ó gbéra ní òwúrọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí àpáta, ó ń wò ó bó ṣe ń kéré lọ lójú. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ohun dúdú tó ń rìn lọ náà dúró. Kò tún rìn mọ́. Kò sí ẹni tó lè lọ gbé e wá. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ ló gbé e lọ, agbára káká sì ni ìyàwó àtàwọn ọmọ fi rí òjò náà.

Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Àdìgún ni àkọ́bí, ọkùnrin. Àwẹ̀ró ló tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Abíọ́nà ni àbíkẹ́yìn, ojo sì ni. Bí ewé kan bá jábọ́ báyìí, abẹ́ ìyá rẹ̀ ni yóò sá sí.

Òjò ọdún kejì ń parí lọ. Ìyá Àdìgún a wo àwọn ọmọ yìí, a sì wo àpáta. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí i pé ìrònú kò lè gbé ọmọ kọjá àpáta, ó dìde, ó lọ sí ilé Ìyá Agbọ́n.

Àgbà mọlémọlé ni Ìyá Agbọ́n. Amọ̀ ló fi ń kọ́lé. Gbogbo ẹranko ló sì mọ̀ pé ohun tí ó bá dí mọ́nú amọ̀ kì í jáde bó ṣe wọlé.

“Ẹ káàárọ̀ o, ìyá mi.”

“Káàárọ̀, Ìyá Àdìgún. Ojú rẹ ò dáa. Kí ló dé?”

“Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ni, ìyá. Ẹsẹ̀ mẹ́fà kò lè gbé wọn kọjá. Àpáta ti gba ọkọ mi. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ó gba ọmọ mọ́ ọn.”

Ìyá Agbọ́n pa ìyẹ́ pọ̀.

“Mo lè ṣe é,” ó wí. “Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò bá ìkánjú rìn. N ó mọ ilé amọ̀ mẹ́ta. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wọ tirẹ̀, n ó sì dí i mọ́ ọn. Kò ní jẹ, kò ní mu. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ awọ ara rẹ̀, òrùka tuntun yóò sì máa yọ sí i ní ìdí, níwájú òrùka ìkẹyìn, ẹsẹ̀ mẹ́rin lára òrùka kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bọ́ awọ tán, kí ó jẹ awọ náà, agbára rẹ̀ wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ yóò funfun, yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi dúdú, tí yóò fi le. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Ẹni tó wà nínú ilé ni yóò fọ́ ilé jáde. Ẹni ìta kò gbọdọ̀ fọ́ ọ wọlé. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, ìyá.”

“Tún un sọ kí n gbọ́.”

“Ẹni ìta kò gbọdọ̀ fọ́ ọ wọlé.”

Báyìí ni Ìyá Agbọ́n mọ ilé mẹ́ta sí ìdí àràbà. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín wọ tirẹ̀. Àdìgún wọ tirẹ̀. Abíọ́nà bú sẹ́kún, ó ní inú ilé náà ṣókùnkùn. Ìyá rẹ̀ ní, “Wọlé, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. N kò ní kúrò.” Nígbà tí Ìyá Agbọ́n dí ilé tán, Ìyá Àdìgún jókòó síwájú wọn, ó ń kọrin fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi, má yára,
*Jẹ́jẹ́.*
Òrùka kan, òrùka kan,
*Jẹ́jẹ́.*
Ilẹ̀ ń gbẹ, má yára,
*Jẹ́jẹ́.*
Ìyá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Bó bá kọrin tán, wọn a máa fi orí kan amọ̀ láti inú, kò, kò, kò. Òun náà a sì mọ̀ pé wọ́n wà láàyè.

Ìyàn ti mú nílé Ìjàpá nígbà náà. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń roko, oorun ló ń sùn. Ìyá Àdìgún sì ní apẹ̀rẹ̀ olú gbígbẹ kan lẹ́yìn ilé Àdìgún, ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ bí wọ́n bá jáde. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn olú yìí dé imú Ìjàpá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a rí i tó ń tẹ̀pá bọ̀, ó fa ojú ro.

“Ìyá Àdìgún, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá Àdìgún. Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ẹ ṣé o. N kò mọ̀ pé ẹ mọra.”

“Háà! Ọ̀rẹ́ àtọkànwá ni. Òórùn kí ni mo ń gbọ́ yìí?”

“Olú ni. Ti àwọn ọmọ ni.”

“Mo kàn béèrè ni. Àwọn ọmọ ọ̀hún dà?”

“Wọ́n wà nínú ilé tí Ìyá Agbọ́n mọ. Ó ku ọjọ́ méjìlá.”

Ìjàpá gbójú sókè, ó wo ọ̀run. “Méjìlá. Hẹ̀n-ẹ́n. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ṣé ẹ gbọ́ bí ewé ṣe ń dún? Kí ọjọ́ méje tó pé, ibi tí ẹ jókòó sí yìí yóò gbẹ bí eegun. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣí wọn.”

“Ìyá Agbọ́n ní a kò gbọdọ̀ fọ́ ọ.”

“Ìyá Agbọ́n ní ìyẹ́,” ni Ìjàpá wí. “Bí ilẹ̀ bá gbẹ tán, yóò fò lọ. Ta ni yóò fò gbé ẹ̀yin?”

Ìyá Àdìgún wo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ó ní, “Rárá o. Ẹ máa lọ.”

Ìjàpá kò bá a jiyàn. Ó ní, “Ọmọ yín ni. N kò fipá mú yín,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó dúró sí ọkàn obìnrin náà bí ẹ̀gún inú ẹran.

Ọyẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ kẹwàá. Ó fẹ́ lọ́jọ́ kọkànlá. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìgbín tó jẹ́ aládùúgbò wọn ti ẹnu ilé rẹ̀ pa, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ìyá Àdìgún ń kọrin, ohùn rẹ̀ ń gbẹ. Lọ́jọ́ kejìlá, Ìjàpá tún dé.

“Ẹ fún mi ní apẹ̀rẹ̀ olú yẹn, kí n fi gbé ẹ̀mí ró. Ilé kan péré ni n ó bá yín fọ́. N ó na ọmọ náà, yóò gùn tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ bàbá mi ni. Ẹ ò rí ọrùn mi ni?” Ó na ọrùn rẹ̀ jáde, ó fà á wọlé. Ó tún nà án jáde. “Ṣé ọrùn ẹni tí kò mọ nínà nìyí?”

Ìyá Àdìgún wo àpáta. Ó tún rí ohun dúdú kan tó ń rìn lọ, tó sì dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó rí i.

“Ọ̀kan péré,” ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Àwẹ̀ró. Ara rẹ̀ yá ju tàwọn yòókù lọ.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀rù ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìjàpá gbá ilé amọ̀ náà, gbì! Ó tún gbá a, gbì! Amọ̀ là. Àwẹ̀ró rèé nínú rẹ̀, ó funfun báláú, òrùka tuntun ti yọ ní ìdí rẹ̀, awọ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tíì jẹ.

“Ìyá, ṣé ọjọ́ ti pé ni?” ó béèrè. “Gbogbo ara ló ń ro mí.”

“Kò ní pẹ́ mọ́,” ni Ìjàpá wí. Ó sì gun ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ara rírọ̀ náà kò gùn. Ẹ̀gbẹ́ ló fẹ̀ sí, sọ́tùn-ún, sósì, ó ń pẹlẹbẹ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìjàpá bí amọ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ gún. Àwẹ̀ró kò lè ké, èémí rẹ̀ nìkan ló ń dún.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lára ọmọ mi!”

“Ó ti ń gùn, ẹ fara balẹ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i.”

Ìyá Àdìgún fi gbogbo agbára tì í. Ìjàpá yí gbirigbiri, ó sì lọ balẹ̀ lórí ilé Abíọ́nà. Ilé náà fọ́. Òrùka tuntun tó wà lára Abíọ́nà kò tíì ju díẹ̀ lọ. Ó la ojú, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó rí ojú Ìjàpá lókè rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ká orí bọ ìdí, ó di kókó kan, ọyẹ́ sì fẹ́ sí i lára bẹ́ẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ olú ni Ìjàpá ń wò ní tirẹ̀. Ó dìde, ó fẹ́ gba orí ilé Àdìgún kọjá lọ gbé e. Ìyá Àdìgún lọ dúró síwájú ilé náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ìbínú àti ìbẹ̀rù gùn ún, omi kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, omi olóòórùn burúkú tó ń ta bí ata. Ó ta sí Ìjàpá lójú. Ìjàpá figbe ta, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó ń sunkún, ó ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé apẹ̀rẹ̀ olú. Ó gbé e sá lọ.

Ohùn kan wá láti inú ilé amọ̀ tó kù. “Ìyá, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé kí n jáde?”

Ìyá Àdìgún wo ọmọ méjì tó wà nílẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀.

“Má jáde, Àdìgún,” ó wí. “Ohun yòówù tí o bá gbọ́, má jáde.”

Ìyá Agbọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kó tó béèrè rárá ni Ìyá Àdìgún ti kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ.

“Èmi ni mo fọ́ ọ, ìyá. Ìjàpá ló gbá a, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí ó gbá a.”

Ìyá Agbọ́n kò bá a wí. Ó fò yí àwọn ọmọ náà ká, ó fara balẹ̀ wò wọ́n. “Ohun tó bá ti le, n kò lè rọ̀ ọ́ mọ́,” ó wí. “Bó ṣe dúró yìí náà ni yóò máa fi òrùka kún òrùka. Fi ewé tútù bò wọ́n. Fi awọ wọn bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Kí o sì jókòó ti èyí tó kù.”

Ó jókòó tì í. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, kò kúrò níbẹ̀. Ó ń bọ́ Àwẹ̀ró, ó ń bá Abíọ́nà sọ̀rọ̀ títí tó fi tú ara ká díẹ̀ tó sì jẹun, ó sì ń kọrin fún Àdìgún. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ mọ́. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín mọ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìyẹn ló dun ìyá rẹ̀ jù.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Amọ̀ là láti inú, Àdìgún sì ń jáde. Orí jáde, òrùka tẹ̀ lé e, òrùka mìíràn tẹ̀ lé ìyẹn, ó ń jáde, kò tán. Ó dúdú, ó ń dán, ó gùn gbọọrọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bí ìgbì omi. Ó yọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí àbúrò rẹ̀ méjèèjì, ó sì rìn tọ̀ wọ́n lọ.

Ìjàpá wà nínú igbó, ó ń yọjú wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lójú.

Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń múra àtilọ sódò, Yánníbo sáré dé, gèlè rẹ̀ ti tú.

“Ìyá Àdìgún, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi! Ọkọ mi ni o. Ó lọ bá Ìyá Agbọ́n pé òun náà fẹ́ gùn, kí òun lè máa na ẹnu dé oko gbogbo ayé láìkúrò nílé. Wọ́n ní ó gbọdọ̀ bọ́ ìkarahun rẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní láéláé, bí olè bá gbé e ńkọ́? Wọ́n sọ fún un títí, kò gbọ́. Tìkarahun-tìkarahun ló kó wọlé. Amọ̀ ti gan mọ́ ọn lára báyìí, kò lè jáde, bẹ́ẹ̀ Ìyá Agbọ́n ti fò lọ sí òdìkejì odò.”

“Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀,” ni Àdìgún wí.

Ojú Àwẹ̀ró ni Ìyá Àdìgún ń wò.

Àwẹ̀ró wo ilé amọ̀ rẹ̀ tó fọ́. “Ìyá, ẹ sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é,” ó wí. “Inú amọ̀ kò dáa fún ẹni tí kò lè jáde.”

Ni Ìyá Àdìgún bá tẹ̀ lé Yánníbo. “Omi ni,” ó wí. “Ẹ fi rin amọ̀ náà, kí ẹ rọra máa bó o. Ẹ má gbá a.” Yánníbo rọ ìwọ̀nba omi tó kù nínú ìkòkò rẹ̀ sí i, ó ń bó amọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí orí Ìjàpá fi yọ.

“Yánníbo, wò mí dáadáa. Ṣé mo gùn?”

“Ọkọ mi, o kò fi ìka kan gùn sí i.”

“Òrùka mi dà? Mo gbọ́ tí wọ́n ń yọ!”

Òrùka yọ lóòótọ́. Ìkarahun tí kò fẹ́ bọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè kọjá, ni wọ́n bá tò lé ara wọn lórí níbẹ̀, kékeré nínú ńlá, ńlá nínú èyí tó tún tóbi jù ú lọ, ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjàpá yí ọrùn, ó wò ó títí. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àdìgún, ojú tì í, ó fa orí wọlé.

Ìyá Àdìgún náà kò dúró gbọ́ ọ. Ọ̀nà jìn.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n bọ́ sórí àpáta. Àdìgún gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, oòrùn sì ká wọn mọ́ àárín gbùngbùn. Ẹsẹ̀ Àdìgún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ara ìyá wọn ń gbẹ, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti rí ibi tí àpáta sán, ó tín-ín-rín bí ojú ọ̀bẹ. Ó fi ara pẹlẹbẹ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì pòórá. Gbogbo wọn dúró. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohùn rẹ̀ wá láti abẹ́ àpáta. “Ẹ yà sápá ọ̀tún! Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níbẹ̀! Omi ń bẹ nísàlẹ̀!”

Wọ́n yà. Wọ́n wọlé. Àdìgún rọra gbé ìyá rẹ̀ kalẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀ tó rin. Abíọ́nà ti ká roboto láti ìgbà tí oòrùn ti mú, Àdìgún ló ń fi orí yí i bọ̀. Nígbà tó tú ara ká, omi ara rẹ̀ pé síbẹ̀, oòrùn kò rí nǹkan kan mú lára rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀mí ìyá wọn bọ̀ sípò, ó wọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, mo ṣẹ̀ ọ́.”

“Ó dùn mí, ìyá,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ sún síbí, ibí tutù ju ibẹ̀ lọ.”

Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀, wọ́n sì dé odò pé pérépéré, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti ìgbà náà ni ọmọ ọ̀kùn gbogbo fi ń tinú ẹyin jáde ní kúkúrú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó bá sì fẹ́ dàgbà, a wọ inú ilẹ̀, a bọ́ awọ, a jẹ awọ náà, òrùka a sì kún òrùka ní ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Àdìgún ni ẹ ń rí tí wọ́n gùn lójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Àwọn ọmọ Àwẹ̀ró ni àwọn pẹlẹbẹ tó ń gbé abẹ́ èèpo igi. Àwọn ọmọ Abíọ́nà ni àwọn tó máa ń ká bí ekùrọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n. Omi tó sun lára ìyá wọn lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lára púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà kí ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kùn má fi ọwọ́ náà nu ojú. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kùn tó funfun, tó rọ̀, ẹ fi ewé bò ó, kí ẹ bá tiyín lọ. Ní ti Ìjàpá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, òrùka orí òrùka ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ gbé mi dé rèé. Bí mo bá dọ́gbọ́n fi irọ́ há a láàárín, kí n lanu kí ohùn kọ̀ láti jáde. Ẹ tẹ́tí: gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́! Ohùn mi jáde.